Kòtò Ọjọ́ Ìsinmi Kẹrin

Ìlà mẹ́ta péré ni olùkọ́ físíìsì wa fà sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Èkíní gòkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èkejì nà gbalaja bí ẹni tó sùn, ẹ̀kẹta sọ̀kalẹ̀ padà síbi tí ó bá èkíní dọ́gba nísàlẹ̀. Kò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Ó kọ "àkókò" sábẹ́ ìlà ìbú, ó kọ "bó ṣe jìnnà sílé tó" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà òòró, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹnì kan jáde nílé láàárọ̀," ó ní. "Ẹ sọ ohun tó ṣe fún mi."

SS1 ni wá, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán. Ọmọkùnrin kan nawọ́.

"Ó rìn lọ, sà. Ó wá dúró."

"Kí ló dúró ṣe?"

"Ó pàdé bàbá ìyàwó rẹ̀ ni, sà. Ó dọ̀bálẹ̀."

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Bí ìlà yẹn ṣe gùn tó, sà, bàbá náà ò tíì ní kó dìde."

A rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ ojú kúrò lára wa. "Nígbà tó wá dìde ńkọ́?"

Ojú mi ti wà lára ìlà kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán ju èkíní lọ. Mo nawọ́. "Ó sáré padà sílé, sà. Bó ṣe lọ kọ́ ló ṣe bọ̀."

"Jókòó," ó ní. "Ìwọ ti rí i."

Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti mú mi. Ẹni tí kò lórúkọ, tí kò lójú, ìlà mẹ́ta ti tú u fó pé ńṣe ló sáré padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya ohunkóhun tó bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù. Mo ya bí omi ṣe ń tutù nínú kẹ́tùlù ìyá mi. Mo ya bí ẹ̀wà tí mo gbìn sínú agolo ṣe ń ga. Mo ya aago tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí bàbá mi á ti rí i. Ó fà á ya. Mo tún un yà, mo fi ọjọ́ tó fà á ya kún un.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ ara mi ló kọ́ mi. Èmi ni mo fojú ara mi rí i pé pẹ́ńsù dúdú tó rọ̀ máa ń sanra lójú ìwé, pé èyí tó le tó sì funfun díẹ̀ ló ń fa ìlà tó ṣeé gbára lé. Àmì àgbélébùú kékeré sàn ju àmì roboto lọ, nítorí àgbélébùú ní àárín gangan, àmì roboto kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ fa ìlà tó tẹ̀, yí ìwé padà títí ọrùn ọwọ́ rẹ á fi wà nínú ibi tó tẹ̀ náà. Bí o bá fà á láti ìta, á rí wọ́gọwọ̀gọ. Kò sí ìwé tí mo ti ka ìyẹn.

Nígbà tí oṣù kẹwàá fẹ́ parí, olùkọ́ ní kí kálukú wá nǹkan kan lẹ́yìn odi ilé-ẹ̀kọ́ tó ń yí padà, kó yà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ya gíga àbúrò wọn. Èmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìlú wa kéré. Ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Èsìẹ́, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ sílé-ẹ̀kọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, pátákó dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù tí wọ́n ń kọ iye ènìyàn tó wá ìsìn sí. Akọ̀wé ìjọ ló ń kọ ọ́. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ní ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìlú, ó sì fẹ́ràn nọ́ńbà débi pé bó bá ń kọjá nílé onílé, á ka búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò síta. Oṣù kẹjọ ọdún náà ló gba iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú kàn máa ń kọ iye sójú pátákó ni, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì á nù ún nù. Òun ló kọ́kọ́ ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ yà á, inú rẹ̀ dùn. Ó wọ gíláàsì, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń pe iye náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́tàlá ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ dé òpin oṣù kẹwàá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín àádóje sí àádọ́jọ. Mẹ́ta péré ló já wálẹ̀ sí nǹkan bí àádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo so àwọn àgbélébùú náà pọ̀, ìlà mi ń rìn lọ bí ẹni tó ń rìn lójú títì, lójijì ó jìn sí kòtò, ó jáde, ó tún rìn díẹ̀, ó tún jìn. Kòtò mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kẹrin oṣù.

Mo mú un lọ fi han akọ̀wé kí n tó mú un lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ó fi ìka tọ́ ọ.

"Kòtò rèé. Kòtò rèé. Kòtò rèé. Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí ìlà yìí ń sọ?"

"Ó ń sọ pé ènìyàn dín kù, sà."

"Ó ń sọ ẹni tó ń lé wọn."

Mo mọ ẹni tó ń wí. Alùfáà wa ń bójú tó ìjọ mẹ́rin, nítorí náà ọjọ́ Ìsinmi kìíní oṣù nìkan ló ń wàásù fún wa. Ìkejì ni ti Ìyá Ìjọ. Ìkẹta ni ti akọ̀wé fúnra rẹ̀. Bí oṣù bá ní ìkarùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ ló ni ín. Ìkẹrin ni ti bàbá àgbà mi, bàbá tó bí ìyá mi.

Àgbẹ̀ ni Bàbá. Wọn kò tíì gbé ìyá mi níyàwó tó ti ń wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin. Ìwàásù rẹ̀ kì í gba ọ̀nà tó yá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí Nóà, kó gba oko iṣu kọjá, kó yà kí àwọn àgbà ìjọ tó ti kú, kó tó wá rántí pé òun ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí omi. Àmọ́ kì í ṣe é láìmúra sílẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń wàásù náà fún ebè iṣu. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú oko, tí á máa bi ebè léèrè ọ̀rọ̀, tí á sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn àgbà ìjọ pàdé. Akọ̀wé ti yá ìwé mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n ní ó dáa kí Bàbá sinmi, kí wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tó fẹ̀yìntì dé láti Èkó ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin. Wọ́n ní bí oṣù kọkànlá bá parí, ìwàásù rẹ̀ parí.

Bàbá gbọ́. Ó pè mí síwájú ilé.

"Ìyàwó mi, ìwé rẹ ló ní kí n sọ̀kalẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá. Akọ̀wé ló ní bẹ́ẹ̀."

"Akọ̀wé ní ìwé rẹ ló ní bẹ́ẹ̀."

Kò bínú sí mi. Ó kàn mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko, nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a lọ́sàn-án, ó ń kọ ebè láìsọ̀rọ̀. Mo dúró díẹ̀ kí n lè gbọ́ ìwàásù. Ìró ọkọ́ nìkan ló ń dún.

Olùkọ́ wa gba ìwé mi lọ́jọ́ Ajé. Ó wò ó pẹ́.

"Níbo ni ìlà òòró rẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ọgọ́rin, sà. Kí ìwé lè gbà á."

"Ìwọ lo gbẹ́ kòtò yìí. Ohun tó fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, o mú kó dà bíi pé ìjọ ti tú. Lọ tún un yà láti òdo." Mo ti ya gíráàfù tó pọ̀ láti ìgbà náà, n ò sì tíì rí ẹ̀tàn tó rọrùn tó èyí: ẹni tó bá fẹ́ kí àyà rẹ já, ìsàlẹ̀ ìlà òòró ló máa gé dànù. Ó tún bi mí pé, "Kí ló fà á?"

"Wọ́n ní bàbá àgbà mi ni, sà."

"Ìlà yìí mọ bàbá àgbà rẹ?"

"Rárá, sà."

"Ọjọ́ nìkan ló mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ lo máa fi wá a. Kí ni nǹkan mìíràn tó máa ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin?"

"Òṣùpá, sà," ẹnì kan wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlọrin," ọmọkùnrin ẹ̀yìn tún wí. "Bí gààrí rẹ̀ bá ti tán."

Mo tún un yà láti òdo. Kòtò náà di gọ́tà kékeré tí ọmọdé lè fò. Mo sáré mú un lọ bá akọ̀wé. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi. "Erùpẹ̀ lo kàn kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò ṣì ń bẹ níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Gààrí tí ọmọkùnrin yẹn dárúkọ ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ìyá mi ń ta gààrí. Mo wá rántí pé àwọn ọjọ́ Ìsinmi kan wà tó máa ń wọ aṣọ fún mi, á wọ̀ fún àbúrò mi, á ní, "Ẹ máa bá Bàbá lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." A ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó gbọ́ ìwàásù, a ó padà délé, kò ní tíì dé ẹ̀yìn náà. Bó bá yá, á wọlé pẹ̀lú eruku pupa lẹ́sẹ̀, á ní orí ló ń fọ́ òun.

Mo bi í léèrè nígbà tó ń sẹ́ gààrí. "Mọ́mì, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná ọjà tí ẹ ń lọ yẹn?"

"Ọrọọrún. Kí lo fẹ́ rà níbẹ̀?"

Ọjà náà kò sí nílùú wa, ìlú kejì ni, níbi tí ọkọ̀ ti ń wá láti Ìlọrin àti Ṣàrẹ́ wá kó ẹrù. Mo jókòó, mo ṣírò. Ọrọọrún, ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀, ọjọ́ méje. Márùn-ún lọ́nà méje, márùndínlógójì. Ìyẹn ni pé ọjà á máa bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ márùn-ún. Kòtò mi sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Mo pa ìwé dé. Ọjà ò jẹ̀bi, Bàbá ló jẹ̀bi.

Ìyá mi rí ojú mi, ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ. Ó gbé asẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń rán ọ lọ nìyẹn? Na ọwọ́ rẹ." Ó di àtàńpàkò mi mú. "Òní ọjà. Kà á." Ó ń tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọmọńdinrín. "Ọjà mìíràn rèé. Ìka márùn-ún. Àmọ́ láti àtàńpàkò dé ọmọńdinrín, ẹ̀ẹ̀mélòó lo fò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin."

"Bí o bá fi òní sílẹ̀ láìkà, ta ló fẹ́ bá ọ kà á?"

Mẹ́rin lọ́nà méje, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Mo dìde, mo jó. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ojú ìyá mi ti yí padà.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Bí o bá dárúkọ ọjà lójú àwọn àgbà ìjọ yẹn, gbígbẹ ni wàá máa jẹ gààrí nílé yìí títí o fi máa relé ọkọ."

Ìjọ wa ò gba kí ènìyàn tajà lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo obìnrin ìlú ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì ń ní ẹ̀fọ́rí lọ́jọ́ kan náà. Mo wá rí i pé n kò lè gba Bàbá là láìta ìyá mi. Mo gbé ìwé mi sórí ẹsẹ̀, mo tún ń wò ó, mo fi pẹ́ńsù ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin lọ síwájú, kọjá ibi tí ìlà mi parí sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i. Oṣù kẹwàá ní ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún. Bí ènìyàn bá ka mẹ́rin láti orí ìkẹrin oṣù kẹwàá, á kan ìkarùn-ún, á kan ìkíní, á kan ìkejì, á dúró lórí ìkẹta oṣù kọkànlá.

Ìkẹta. Ọjọ́ tí akọ̀wé ń wàásù. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí ó dùn lọ.

Mo lọ bá àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀. Mo ní kòtò tó kàn kò ní bọ́ sí ọjọ́ Bàbá, ọjọ́ Ìsinmi kẹta ló máa bọ́ sí.

"Ọjọ́ tèmi?" akọ̀wé ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìlà ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ń wo àjà.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù kọkànlá, akọ̀wé wọ táì tuntun. Ó ti múra sílẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ já fáfá, kò pẹ́, kò sọnù lọ́nà. Àmọ́ àárín ṣọ́ọ̀ṣì dà bí ẹnu ọmọ tó ń pàrọ̀ eyín. Bí wọ́n ti ka ènìyàn tán, òun náà ló ní láti kọ ọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó kọ ọ́ kékeré.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè mí wọlé. Àwọn bàbá ti jókòó.

"Akọ̀wé," Ìyá Ìjọ ní jẹ́jẹ́, "ìyàwó yín ńkọ́ lónìí?"

"Orí ló ń fọ́ ọ, Mà."

"Ẹ kú ìtọ́jú. Mo gbọ́ pé ẹ̀pà tà dáadáa lọ́jà láàárọ̀ yìí."

Mo ń wo àwọn bàbá náà bí wọ́n ṣe ń rántí ẹ̀fọ́rí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ìyá Ìjọ, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ata mi ni wọ́n ń bá mi tà. Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?"

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ alágídí, ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní ọjà lè máa lé ènìyàn, kí Bàbá náà sì máa lé wọn. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ti ta ni ó pọ̀ jù. N kò fẹ́ràn bàbá yẹn rárá, àmọ́ kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jò. Wọ́n fẹnu kò sí i pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá á wàásù láìsí ọjà. Bí iye bá já, á fi àga ìwàásù sílẹ̀. Bí kò bá já, tirẹ̀ ni.

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó bi mí pé, "Ìyàwó mi, ìwé rẹ wá ní kí n gòkè padà?"

"Kò tíì sọ, Bàbá. Ó di Ọjọ́ Ìsinmi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé oúnjẹ lọ sóko. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó dé ìdí igi. Ó ti dé orí Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, ó sì ń ṣàlàyé fún ebè iṣu bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó akọ̀wé wà níwájú pátápátá. Bàbá gòkè, ó dúró, kò wo ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́ ìdajì ohun tó sọ. Orí ènìyàn ni mo ń kà, mo sì ń ṣì wọ́n kà nítorí àwọn ọmọdé kò dúró lójú kan. Wọ́n mú iye náà wá fún akọ̀wé láti ẹnu ọ̀nà. Kò gbà á gbọ́, òun fúnra rẹ̀ dìde, ó tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó fi ìka kan àga kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ka búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi pátákó, ó kọ mẹ́tàlélógóje, gàgàrà, débi pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè. Bàbá alágídí wò ó, ó mi orí.

Bàbá àgbà mi kò tiẹ̀ yíjú wo pátákó. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá ló fi wàásù. Nígbà tó fi máa ṣe àmín, mo ti ka àwọn tó sùn: méjìlélógún, akọ̀wé wà nínú wọn.